Ìjàpá Fi Àtè Tún Ètè Ṣe

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí ìrókò, kò bà sétí odò. Ẹnu Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, ló bà sí. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Àyọ̀ká, fi ẹ̀pà yẹn sílẹ̀, orin ń bọ̀ níwájú, ẹnu tó ń jẹ̀pà kò lè gbè é.

Ní ìgbà kan rí, Ìjàpá ní ètè. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ètè rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́, Yánníbo a sì máa fi òrí pa á fún un lásìkò ọyẹ́.

Láyé ìgbà náà, àwọn ẹranko kì í dá oko ro. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ ara wọn. Bí wọ́n bá ti tò sẹ́nu iṣẹ́, Bàbá Ìnàkí á jókòó sábẹ́ igi, á máa fun fèrè. Bí fèrè bá lọ sókè, ọkọ́ á yá. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kálukú á na ẹ̀yìn, á mumi. Afunfèrè kì í fọwọ́ kan ọkọ́. Bí iyán bá sì délẹ̀, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún, pẹ̀lú itan ẹran. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun títí afunfèrè yóò fi gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì.

Ìjàpá wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo itan ẹran. Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó yá, Bàbá Ìnàkí pe gbogbo wọn jọ. Ó ní, "Eyín iwájú mi ti ń mì. Mo ń wá ẹni tí màá fi fèrè lé lọ́wọ́."

Kó tó panu dé, Ìjàpá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, èmi rèé o! Láti inú ìyá mi ni mo ti fẹ́ràn fèrè."

Bàbá Ìnàkí rẹ́rìn-ín. Ó mọ Ìjàpá, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, bí a ti ń fẹ́ràn ọmọ tó ń yọ ẹja jẹ nínú ọbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Bí ọ̀wẹ̀ oko Erin bá tó, ìwọ ni wàá fun ún. Bí kò bá ró, wàá gba ọkọ́."

Oko Erin! Ẹni tó bá ro oko Erin, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un.

Ìjàpá gba fèrè, ó fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

"Má wú ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni Bàbá Ìnàkí wí. "Ètè ló ń fun fèrè, kì í ṣe agbára. Gbé ètè ìsàlẹ̀ lé etí ihò yìí. Jẹ́ kí igun ẹnu le díẹ̀, kí àárín rẹ̀ rọ̀. Fẹ́ ẹ bí ìyá ti ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ rẹ̀."

"Kò ró, Bàbá."

"Yóò ró. Ní àràárọ̀, gbé àtùpà síwájú, kí o fẹ́ iná rẹ̀ kó tẹ̀, kó má kú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ìjàpá délé, ó fẹ́ iná. Iná kú. Yánníbo tún un tàn. Ó tún kú. Ètè ń ro Ìjàpá, ó ń gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná tẹ̀, kò kú. Ó sáré gbé fèrè. Ìró kékeré kan yọ, ó dùn. Inú Ìjàpá dùn débi pé ó jó yíká ilé. Nígbà tó tún un fun, kò ró mọ́.

Ó bínú, ó ju fèrè sílẹ̀. "Ta ló lè máa bá ètè ṣeré títí òjò yóò fi dé? Torí pé ètè Bàbá Ìnàkí dúró bó ṣe yẹ ni fèrè rẹ̀ ṣe ń ró. Bí mo bá mú tèmi dúró bẹ́ẹ̀, kí ni mo tún ń kọ́?"

Kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Láàárọ̀ ọjọ́ ọ̀wẹ̀, ó gbé àtè tó fi ń dẹ ẹyẹ. Ó wo ojú ara rẹ̀ nínú omi, ó ká ètè jọ bíi ti Bàbá Ìnàkí, ó fi àtè lẹ igun rẹ̀ méjèèjì pa, ó ṣẹ́ ihò bíńtín kù láàárín.

Yánníbo ké, "Ọkọ mi, àtè tí kì í fi ẹyẹ sílẹ̀, ṣé ẹ̀yin ló máa fi sílẹ̀?"

Ìjàpá kò dáhùn. Báwo ni yóò ṣe dáhùn?

Ó dé oko Erin, ó gbé fèrè sẹ́nu. Fèrè ké! Ó lọ sókè fíofío, ọkọ́ gbogbo yá. Àwọn ẹranko ń yìn ín. Ṣùgbọ́n fèrè kò sọ̀ kalẹ̀. Ìró ìsinmi, ètè tó rọ̀ ló ń mú un wá, ètè Ìjàpá sì ti gan. Òógùn bo Erin. "Ìjàpá, jẹ́ ká mí!" Fèrè kàn ń ké ṣáá. Bàbá Ìnàkí tẹjú mọ́ ẹnu Ìjàpá.

Iyán dé. Wọ́n bu ti Ìjàpá, wọ́n gbé itan ẹran lé e. Ó bu òkèlè, ó tì í sẹ́nu. Òkèlè kò wọlé. Ó gé e kéré. Kò wọlé. Ebi ń pa gbogbo agbo, wọ́n sì fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá, yanu o!
*Fìrì-ń-fìrì.*
Iyán mà ń tutù o!
*Fìrì-ń-fìrì.*
Ọbẹ̀ mà ń dì o!
*Fìrì-ń-fìrì.*
Gbé e mì ká rí jẹ!
*Fìrì-ń-fìrì.*

Omijé bọ́ lójú Ìjàpá. Yánníbo, tó bá a wá sóko, ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Àtè ni o! Àtè ló fi lẹ ẹnu!"

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ìnàkí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ́ epo pupa lórí iná, ó ń fi pa ètè Ìjàpá. "Rọra, ọmọ mi. Epo yóò tú u. Ṣáà ní sùúrù."

Àtè ti fẹ́ máa rọ̀. Ṣùgbọ́n Erin ní ebi ò lè pa òun kú nítorí àtè, ó nawọ́ sí itan ẹran. Ìjàpá rí i. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó fi tipátipá la ẹnu, fàà! Ètè bá àtè lọ.

Itan ẹran wà níwájú rẹ̀, ata kò jẹ́ kó lè fẹnu kàn án. Bàbá Ìnàkí ń gé iyán wẹ́wẹ́ láìfi kan ọbẹ̀, ó ń fi bọ́ ọ. Yánníbo wá sọ bí ìró kékeré yẹn ṣe yọ nílé lọ́jọ́sí.

Ọwọ́ Bàbá Ìnàkí dúró. "Ó yọ? Ìró yọ, o sì dáwọ́ dúró?" Ó mi orí. "Háà, ọmọ mi. O ti mọ̀ ọ́n fun."

Ìjàpá sunkún ju ìgbà tí ètè rẹ̀ já lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu rẹ̀ ti gan bí èèpo igi.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ bá ń kọ́ tí kò tíì ró, ẹ má jù ú sílẹ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ra, bó bá ń ṣí, ara wa ló ń bá lọ. Bí mo bá parọ́, kí ètè mi kọ̀ láti pàdé. Ẹ gbọ́ ọ: pó, pó, pó.