Jìtá tí Mo Yan Bí Ẹran

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, àti ìwọ tí o ń jẹ ẹ̀pà níbẹ̀ yẹn bí ẹni pé ẹnu ni ìtàn ń gbà wọlé, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọdẹ Òkè-Àgbọ̀nrín, ìlú tí ajá kì í gbó ẹni tó bá gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ẹran tí mo ti pa pọ̀ ju irun tó kù lórí mi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹran kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ jìtá kan ni, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn ní ẹ̀yìnkùlé mi, kò sì ní dùn mọ́ yín. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín, kó tètè máa lọ.

Ẹ mọ̀ pé bí òjò bá dí ọ̀nà igbó, káfíńtà ni mí. Abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé ni mo ti ń kan jìtá fún àwọn olórin. Èyí tí mo kọ́kọ́ kàn nígbà èwe mi ni mo fi ta orin kan lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá Àwẹ̀ró, títí Àwẹ̀ró fi jáde sí mi, tó sì di ìyàwó mi. Ikán jẹ jìtá yẹn, àwọn tí mo tà sì ti bá àwọn tó rà wọ́n lọ sí ìdálẹ̀. Nígbà tó yá, àìsàn dé bá Àwẹ̀ró. A fi ewé pè é kò jẹ́, a fi abẹ́rẹ́ ọsibítù pè é kò jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ní, “Olówó orí mi, ẹ má já ewé mọ́. Orin ọjọ́sí ni kí ẹ ta fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó máa lọ.”

Mo ní, “Ibo lò ń lọ, Àwẹ̀ró?” Mo bá fi ẹnu kọ orin náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ohùn yín ò yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ tí òjò pa. Jìtá ni mo wí.”

Kí ni mo tún ń dúró dè? Mo gbé àáké, mo forí lé Igbó Àìdákẹ́, níbi tí igi ọmọ̀ wà, igi tó jẹ́ pé bí a bá fi ìka kàn án báyìí, á dún. Lójú ọ̀nà mo bá Ẹfọ̀n arúgbó kan tó ń hun ẹní, nítorí agbára ìjà ti tán lára rẹ̀. Mo ní, “Baba, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o.” Ó ní, “Ọdẹ, o ò yìnbọn lónìí?” Mo ní ọ̀ràn tó gbé mi jáde ju ẹran lọ. Ó wo ojú mi, ó fi ìwo júwe ọ̀nà fún mi, ó sì ń hun ẹní rẹ̀ lọ.

Nílẹ̀ wa, a kì í dédé gé igi orin. A ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, a ó sọ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe fún un. Mo fọwọ́ lé e, mo sọ ti Àwẹ̀ró fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo parí, Òfàfà yọ orí jáde nínú ihò igi náà, ẹranko tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ehoro lọ, tí igbe rẹ̀ sì ń kún igbó.

Ó ní, “Igi ti gbọ́, ó gbà. Àmọ́ igi kì í ṣe ẹran o, Ọdẹ́rìndé. Bí o bá là á sí pákó, gbé e sí ibòji, kí ẹ̀ẹ̀rùn méjì ré kọjá lórí rẹ̀ kó tó ru okùn.”

Mo ní, “Baba Òfàfà, ẹni tí mo fẹ́ ta á fún kò ní rí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí.”

“Bí o bá dúró, kò ní gbọ́ ọ. Bí o bá yára, kò ní dún pẹ́.”

“Ṣé kò sí ọ̀nà kẹta ni?”

Omijé bọ́ lójú ẹranko náà. Ó ní, “Ọdẹ, bó bá wà, ṣé èmi ni n ó máa ké káàkiri igbó báyìí? Ìyàwó tèmi náà ṣàìsàn rí.”

Mo gé igi náà, mo gbé e wálé. Kí ni ọdẹ mọ̀ ju èéfín lọ? Ohun tútù tí a bá fẹ́ kó gbẹ, orí pẹpẹ tí a fi ń yan ẹran là ń gbé e sí. Mo to pákó mi síbẹ̀, mo dá iná jẹ́jẹ́ sábẹ́ rẹ̀, mo ń yí i padà bí itan àgbọ̀nrín.

Àwẹ̀ró pè mí láti ojú fèrèsé, “Kí ló ń ta sánsán bí ẹran yíyan yẹn?”

“Jìtá rẹ ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fá pákó títí ó fi fẹ́lẹ́, mo fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi àtè lẹ̀ ẹ́, mo dá ojú ihò sí i láyà. Bí mo ti ń fa okùn le ni igi ń kérora, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo jókòó ti ẹní Àwẹ̀ró, mo bẹ̀rẹ̀ orin náà. Ẹ̀yin ènìyàn, ó dùn! Kò sí èyí tí mo kàn rí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ o. Àwẹ̀ró di ojú rẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀. Orin kò tíì dé ìdajì tí àyà jìtá fi ya láti ojú ihò dé ìdí, tí okùn sì dẹ̀ wọ̀ọ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ó fi ọwọ́ pa ibi tó ya, ó ní, “Ẹ má sunkún. Mo mọ ibi tó ń lọ.” Ó sì fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gbé orin náà níbi tó ti já. Ohùn tirẹ̀ náà kò dé òpin.

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Mo gbà, àmọ́ sùúrù kò bá ikú ṣe àdéhùn kankan. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: nígbà mìíràn ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹni, kò sì sí èyí tó dé ilé nínú méjèèjì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ gba èyí tí ojú ẹni tí ẹ fẹ́ràn yóò ti máa rí yín. Mo ti sọ tán. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ń pè láti ilé, kó má ní ìtàn lòun ń gbọ́ o. Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ó dàbọ̀.