Ìkúnlẹ̀ Abọ́sẹ̀dé Níwájú Tábìlì Ọ̀gá

Ìtàn mi kò jìnnà, orí Adéṣíyan ló já lé, ọmọ Ìkirè tó di ọ̀gá nílé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera kan ní Amẹ́ríkà, tó wá ń fi imú sọ̀rọ̀. Abọ́sẹ̀dé, alátọ̀gbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìrágbìjí dé, fẹ́ forúkọ sílẹ̀ kí ó lè máa rí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà. Ọ̀gá ní àfi kó mú lẹ́tà wá láti gbogbo ọsibítù tó ti wọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, pé kò ní àìsàn náà kó tó dé. "Àbúrò mi, agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí mi gan-an ti kú." "Màmá, ìyẹn kàn yín. Àìsàn tí ẹ gbé ti ilé wá kì í ṣe tiwa." Abọ́sẹ̀dé bá kúnlẹ̀. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó ń gbádùn ẹ̀bẹ̀ àgbà. Kò mọ̀ pé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú tábìlì nísàlẹ̀ lobìnrin náà ń kà: wọ́n ń wá agbálẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì ní adójútòfò láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn kì í béèrè àìsàn. "Ẹ ṣé o, ọ̀gá." Ó dìde, ó lọ bá akọ̀wé tó ń gbani síṣẹ́. Ní Mọ́ńdè, ó gbé ìgbálẹ̀ wọlé. "Ọ̀gá mi, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kí n gbálẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù adójútòfò èmi òṣìṣẹ́ yín." "Ṣùgbọ́n àìsàn tí ẹ gbé ti ilé wá ńkọ́?" "Ẹ ka iwájú tábìlì yín. Àbí ẹ ò tíì kúnlẹ̀ rí ni?" Adéṣíyan buwọ́ lù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lókè.