Owó Abẹ́ Ààrò Ẹfúnṣolá

Láwóyin oníṣẹ́ awọ ní ìyàwó méjì: Ẹfúnṣolá ni ìyáálé, Awẹ̀ró ni ìyàwó. Kọ́bọ̀ oníhò là ń ná nígbà náà. Láwóyin a máa fi ọ̀já awọ pupa sín tirẹ̀ bí àwọn baba rẹ̀ ti ń sín owó ẹyọ, a sì rì í mọ́ ilẹ̀ yàrá. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tú ilẹ̀, kò bá nǹkan kan. Ẹfúnṣolá káwọ́ lérí, ó ké sí ọkọ rẹ̀.

“Yéè! Bàbá Dépò, ìyàwó ni mo rí tó ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ lánàá!”

Òótọ́ ni pé Awẹ̀ró ló fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ yàrá náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kí ni yóò wá wí? Ó sunkún, ó búra, wọ́n lé e lọ sílé bàbá rẹ̀ tòun tọmọ ọwọ́.

Láti ìgbà náà, ilé tó bá yà, wọn a rọra fa igbá owó mọ́ra. Ó gba ìyẹn mọ́ra. Ti ọmọ náà, Mojírọ́lá, ni kò ṣe é gbà mọ́ra. Nígbà tó tó lọ́kọ, àwọn àna ṣe ìwádìí bí àṣà, wọ́n sì rán alárinà wá: “Ẹ má bínú, a ò lè fẹ́ ọmọ olè.” Mojírọ́lá kò bá ìyá rẹ̀ jà, ó kàn kọjú sógiri. Ikú wu Awẹ̀ró lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ikú Láwóyin, òjò wó ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé pe Òjélàdé, ẹni tó máa ń fi ọ̀pá irin gún àlàpà kiri láti wá owó àtijọ́. Awẹ̀ró wá kí wọn kú àdánù, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Òjélàdé gún yàrá Láwóyin títí, òfo ni. Bó ti gún ìdí ààrò ìyáálé, irin dún kò.

“Ẹ fi ààrò mi sílẹ̀! Èèwọ̀ ni!” Ẹfúnṣolá sáré wá dí wọn lọ́nà.

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Ìkòkò yọ, kọ́bọ̀ tó ti dípẹtà kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀já awọ pupa.

“Owó kọ́ ni mo fẹ́,” Ẹfúnṣolá bú sẹ́kún. “Ọkọ mi ò fojú rere wò mí mọ́ látìgbà tí Awẹ̀ró ti dé. Mo kàn fẹ́ kó lọ ni.”

Wọ́n fẹ́ gbé ìkòkò náà kúrò, Awẹ̀ró sì dá wọn dúró, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ má tíì gbé e. Ẹ lọ pe àwọn tó kọ ọmọ mi wá ná.”

Àwọn àna dé, wọ́n wo inú kòtò, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú obìnrin tí wọ́n pè lólè. Lórí ilẹ̀ àlàpà yẹn ni àwọn àgbà ìlú ti kọ́kọ́ sọ ọ́ pé, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.