Ohun Tí Ẹ̀mú Ṣe Lẹ́yìn Fíríìjì

Ọkùnrin kan wà tí kì í gbà pé ènìyàn lè ṣe òun lóore lásán. Bí ẹ bá kí i láàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín bóyá ẹ fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn. "Ìfura loògùn àgbà," ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Àkọ́bí rẹ̀, Ìbíyẹmí, ra fíríìjì ńlá kan fún un, irú èyí tó ń fúnra rẹ̀ ṣe yìnyín, tí a máa ń fa omi sí lẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀, púlọ́ńbà ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn ènìyàn ọmọkùnrin náà wá tọrọ ìyàwó. Nígbà tó gbọ́ nípa fíríìjì náà, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò ní gba kọ́bọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn bàbá ti kọ́kọ́ dàrú. Kí ló ń wá tí kò fi fẹ́ gba owó?

Ó gbé àga, ó jókòó tì í. Ọmọkùnrin náà ti fíríìjì sáyè rẹ̀, ó fi pátákó pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè dúró déédéé. Ó fa rọ́bà tín-ín-rín láti ibi ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wá sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì ike kékeré dè é.

"Ẹ má tíì tan án o, bàbá. Ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n gbé e wá. Ẹ jẹ́ kó sinmi di ọ̀la."

"Ohun tí kò ṣiṣẹ́ rí, kí ló ń sinmi fún?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn yìí náà, ike ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irin kàn án. Ọwọ́ ti tó o. Mà á yà wá wò ó lọ́la."

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni kò kúrò lọ́kàn bàbá. Á yà wá lọ́la! Òye ti yé e wàyí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó lè máa jò, kó lè máa rí ìdí wá sílé òun lójoojúmọ́. Bó ti jáde báyìí, bàbá mú ẹ̀mú nínú àpótí, ó wọ ẹ̀yìn fíríìjì, ó fún nọ́ọ̀tì náà. Ó tún fún un. Nọ́ọ̀tì ké kẹ́ẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, omi ti gba ilé ìdáná, ó ti dé abẹ́ àpò gààrí. Bàbá kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn fíríìjì.

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Ẹ sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n má wá mọ́. Ẹni tó ba ilé mi jẹ́ kó tó di àna, kí ni yóò ṣe tó bá di àna tán?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ọmọkùnrin náà dé. Inú omi yẹn ló dọ̀bálẹ̀ sí. Ẹ mọ̀ pé àna kì í bá bàbá ìyàwó jiyàn. Ó fa fíríìjì síta, ó tú nọ́ọ̀tì, ó gbé e sórí tábìlì, ó mú aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀.

Ìyá ilé mú nọ́ọ̀tì náà, ó wò ó. Ó ti là. Àmì eyín irin yí i ká. Ó wọ yàrá, ó mú ẹ̀mú jáde. Ike funfun ṣì há sí i léyín.

"Bàbá Ìbíyẹmí, kí ni ẹ̀mú yín jẹ lánàá?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀mú. Ó wo ọmọ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti wú. Ó gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà.

"Dìde, àna mi. Èmi ni mo da omi yìí."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá Adéòtí, ẹ̀yin lẹ béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ẹ ó ṣe sí ìyàwó ọmọ yín. Ó gbé ọbẹ̀ wá, ẹ ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú yín. Ó ní kí ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ òun, ẹ ní àpótí yín ló fẹ́ tú. Ìfura loògùn àgbà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi oògùn ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́? Ike ni ọkàn ọmọ ènìyàn. Ọwọ́ ti tó o. Kí ẹ tó padà wá sọ fún mi pé ilé ọmọ yín ń jò, ẹ dákun, ẹ kúnlẹ̀ níwájú Olúwa, kí ẹ kọ́kọ́ wo eyín ẹ̀mú yín.