Ọ̀já Lẹ́yìn Òkété

— Ẹ̀yin ọmọ, òṣùpá yọ, àlọ́ mi dé o.
— Kó máa bọ̀, a ń gbọ́.

"Máa pọ̀n ọ́n," ni aya Òkété wí kó tó kú. Àwẹ̀ró, ọmọ tó fi sílẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni, kò sì yé sunkún.

Ewúrẹ́ wá kí i: "Bàbá Àwẹ̀ró, okùnrin kì í so ọ̀já." Ọ̀bọ ní kó tètè fẹ́ ìyàwó mìíràn. Pẹ́pẹ́yẹ ní ẹkún a máa mú àyà ọmọ le. Wọ́n jẹ ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ tán. Ta ló gbé ọmọ nínú wọn?
— Kò sí.

Òkété so ọ̀já fúnra rẹ̀. Àwẹ̀ró rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:
— Ẹ̀yìn bàbá le.
— Sùn síbẹ̀.
— Ó gbóná díẹ̀.
— Sùn síbẹ̀.

Ọmọ sùn.

Títí di òní, Òkété kò tíì fọ ọ̀já náà. Kò tíì ká ẹní aya rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì sunkún.