Òkúta Gáíṣà àti Ọpẹ́ Àjàdí

Agbẹ́kùúta ni Àjàdí. Ọlọ ló ń gbẹ́, kò sì sí òkúta tí yóò fi ọwọ́ bà tí kò ní mọ irú rẹ̀. Ní ọdún kan, ó bá àwọn oníṣòwò iyọ̀ lọ sí aṣálẹ̀ òkè Ọya, ni ibà bá dá a wó lọ́nà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga kan, wọ́n ní bí àwọn bá ń bọ̀, àwọn yóò yà wò ó. Wọn kò retí pé àwọn yóò bá a láàyè.

Opó kan tí ń jẹ́ Gáíṣà ló gbé e wọ àgọ́ rẹ̀. Ọ̀dá mú lọ́dún náà, igbá omi kan péré ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Gáíṣà a pín tirẹ̀ sí méjì, a sì da èyí tó pọ̀ sí Àjàdí lẹ́nu. Ó tó ogójì ọjọ́ kí ọkùnrin náà tó lè dá dìde.

Ọjọ́ tí àwọn oníṣòwò padà dé gan-an ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀. Gáíṣà ní òkúta dúdú kan tó fi ń tẹ etí àgọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́ pẹ̀lú iná, àwọn ará ibùdó kò gbà. Nígbà tí kànga ń gbẹ, Àkàlì, olórí ibùdó náà, ní orí sàréè àwọn baba ńlá àwọn ló ti jí i, nítorí òkúta dúdú ni wọ́n ń kó jọ sórí òkú níbẹ̀. Ó ní ìbínú àwọn òkú ló mú kí omi máa gbẹ, kí Gáíṣà fi ìdí kànga sílẹ̀. Ní aṣálẹ̀, ẹni tí a lé nídìí omi, ikú la lé e lọ bá.

"Gun ràkúnmí, Àjàdí," olórí oníṣòwò wí. "Ìjà onílé kò kan àlejò."

Àjàdí di ìjánu mú. Ó rántí bí ètè obìnrin náà ṣe ń bó nígbà tí omi ń kán sí òun lẹ́nu. Ó ju ìjánu sílẹ̀.

"Baba," ó wí fún Àkàlì, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan wá nínú òkúta sàréè."

Wọ́n mú un wá. Àjàdí lọ igun òkúta méjèèjì lójú gbogbo wọn. Inú ti sàréè pupa, yanrìn ni látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n dúdú ara ti Gáíṣà kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ. Inú rẹ̀ rí bí eérú, ó ní hóró róbótó-róbótó bí ọkà bàbà, èérún irin sì ń kọ mànà láàárín wọn. Ó yọ òòfà tó fi ń ṣa èérún irin kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òòfà kò ka ti sàréè sí. Ó lẹ̀ mọ́ ti Gáíṣà pinpin.

"Ilẹ̀ yìí kọ́ ló bí i," Àjàdí wí. "Kì í ṣe irin pọ́nbélé, òkúta tó ní irin nínú ni. Iná tó gbà kọjá ló sun ara rẹ̀ dúdú. Òótọ́ ni ìyá sọ."

Àkàlì bọ́ bàtà, ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Gáíṣà, ó ní kó máa gbé ìdí kànga lọ. Gáíṣà di Àjàdí lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́.

"Ìyá, èmi ni mo dúpẹ́," Àjàdí wí.

Lójú ọ̀nà, olórí oníṣòwò bi í léèrè pé, "Kí ló dé tí o fi fẹ́ kí a fi ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì?"

"Mo rò ó wò ni," Àjàdí dáhùn. "Omi tó yẹ kí obìnrin yẹn mu ló di ẹ̀jẹ̀ ara mi."

Nígbà tí wọ́n délé, olórí oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún tọmọdé tàgbà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá.