Ẹ̀yìn Aṣọ Sinimá

Bí ọmọ tí mo pọ̀n yìí bá dàgbà, tí ó wá sọ fún mi pé òun kò rí bí àwọn ẹgbẹ́ òun, níbo ni n ó ní kí ó jókòó? Mo ti bi ara mi títí. Ìtàn tí mo mọ̀ ni n ó sọ fún ọ, ìwọ tí a jọ ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà, tí ìwọ náà ń tọ́mọ.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ìrìn rẹ̀ jọ ti obìnrin. Nígbà náà, bí àwọn onísinimá bá dé, wọn a so aṣọ funfun kọ́ sí àárín pápá, gbogbo ìlú a jókòó síwájú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó jókòó tì wọ́n. Wọn a ní, "Ìyàwó, kọjá sẹ́yìn." Ẹ̀yìn aṣọ ló ti ń wòran, òun àti adẹ́tẹ̀ kan àti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Àwòrán máa ń hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tún a di òsì. Ọmọ náà kò mọ̀. Ó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹun nínú sinimá, kò sì sí ẹni tó bá wọn wí. Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ó ní irọ́ ni.

Nígbà tí ó dàgbà, ó mọ̀ pé ọkùnrin bíi òun ni ọkàn òun ń fà sí, kò sì fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá kò lé e, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó lọ sí ìlú ńlá, ó ń kọ ìtàn sinimá. Ẹni tí ayé tì sẹ́yìn ni ó ń kọ ìtàn rẹ̀ ṣáá. Àwọn ọ̀gá onísinimá ní ìtàn rẹ̀ dùn, àwọn yóò ṣe é, bí ọkùnrin inú rẹ̀ tó fẹ́ràn ọkùnrin bá lè ya wèrè kí eré tó parí.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, àwọn ará ẹ̀yìn aṣọ ni mò ń kọ ọ́ fún. Bí mo bá sọ ọ́ di wèrè, ta ni yóò bá wọn délé?"

Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Òun àti olólùfẹ́ rẹ̀ ló ya eré náà fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi parí.

Ìlú wa ló kọ́kọ́ gbé e wá. Ó so aṣọ kọ́, ó to àga síwájú aṣọ, ó tò ó sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa rọ́ síwájú. Eré bẹ̀rẹ̀, ni a bá rí i pé ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Bàbá kan ní, "Ṣé kò sí ìyá nílé àwọn wọ̀nyí ni?" Ẹ̀rín sọ. Ìyá ọkùnrin náà dìde. Ó gbé àpótí ìjókòó tó mú wá láti ilé, ó rìn kọjá lójú gbogbo wa, ó lọ jókòó sẹ́yìn aṣọ. Kò pẹ́ tí a gbọ́ tí ó bú sẹ́rìn-ín, tí ó ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì. A kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin inú eré náà kò ya wèrè, kò kú. Ó mú àyànfẹ́ rẹ̀ délé, ìyá rẹ̀ bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì nínú àwo kan. Ẹ̀yìn aṣọ ni àtẹ́wọ́ ti kọ́kọ́ dún. Kí a tó mọ̀, tiwa ti gbà á, gbogbo pápá ń hó.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, àyà ń já èmi náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ọmọ rẹ sẹ́yìn, má jókòó síwájú kí o máa pè é. Gbé àpótí rẹ.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé ńṣe ni ọkùnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ yí àwòrán rẹ̀ padà: lẹ́yìn aṣọ lọ́hùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn fi ń jẹun.